Ẹja Onímú Ọ̀kọ̀ Tí Mo Ní Kó Kọjú sí Mi

Òórùn oògùn tí a fi ń fọ fíìmù ni ó kọ́kọ́ máa ń padà wá sí imú mi bí mo bá rántí ìgbà ọ̀dọ́ mi ní Ẹdẹ, ní nǹkan bí ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Òórùn kíkan ni, bí ọsàn tí a gbàgbé sínú ìkòkò, kì í sì í kúrò lọ́wọ́ ẹni bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ dúdú bó o. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n fi ọwọ́ náà kan ẹ̀kọ òun. Mo ti ka ìwé mẹ́fà tán nígbà náà, mo ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò yíyà tán pẹ̀lú, mo wá ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọjà, mo ń retí ọjọ́ tí èmi náà yóò ní tèmi. Mo gbà pé mo gbọ́n. Ẹni tí kò bá tíì rí ohun tó lè pa á rí, kò nira fún un láti gbọ́n.

Ọ̀gá mi kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló ní, a kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú: ẹni tí a bá ń ya fọ́tò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí kámẹ́rà tààrà, kí ojú méjèèjì hàn, kí etí méjèèjì hàn, kí ọwọ́ méjèèjì sì wà lórí orúnkún. Nígbà kan mo rí i nínú ìwé ìròyìn òyìnbó bí wọ́n ti ya obìnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó wù mí. Mo sì ya bàbá arúgbó kan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá gba fọ́tò, wọ́n wò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Àkọ́bí wọn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yọ ojú kan bàbá wa?”

Èkejì ní, “Ṣé eléyìí la ó gbé kọ́ sára ògiri, kí àwọn àna wa lè sọ pé olójú kan ló bí wa?”

Ọ̀gá mi tún bàbá náà yà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wò mí títí, ó ní, “Ojú lọ̀rọ̀ wà. Olè là ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ẹni iyì, iwájú la ti ń kí i.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ, n kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ìbá ṣe mí láǹfààní bí mo bá gbàgbé.

Ọdún náà gan-an ni ọmọbìnrin kan wá ya fọ́tò Iléyá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí kámẹ́rà láìṣẹ́jú. Èmi ni mo ṣẹ́jú. Kí ọdún tó yí po, a ti fẹ́ràn ara wa, àbúrò ìyá mi obìnrin sì gbà láti ṣe alárinà wa. Ohun tí ó ń já wa láyà ni ẹ̀sìn, nítorí ìjọ Onítẹ̀bọmi ni a ń lọ nílé wa, bàbá ọmọbìnrin náà sì jẹ́ Mùsùlùmí láti agbo ilé àtijọ́. Alápatà ni, ọkùnrin gíga tí apá rẹ̀ tóbi tó itan mi. A ti kọ́ bí a ó ṣe dáhùn bí ó bá bi wá ní ọ̀rọ̀ ìjọ. Nígbà tí èmi àti alárinà dé ilé rẹ̀, kò bi wá rárá.

Ó ní, “Onígbàgbọ́ ni, mo ti gbọ́. Ìyẹn kò burú, Ọlọ́run kan náà là ń bẹ̀. Ayafọ́tò ni, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọṣọ, tí wọ́n ti jókòó, kí ni ìwọ ń ṣe?”

“Mo ń yà wọ́n, sà.”

“Ìwọ kọ́. Àwọn ló jókòó, oòrùn ló tàn, kámẹ́rà ló yà á. Mo ní ìwọ ńkọ́?”

Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n sọ fún un pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ni òwe yẹn tó wá sí mi lórí. Bàbá náà wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ oníṣòwò màlúù kan wà ní Awo tí ó ti ń béèrè ọmọbìnrin náà, ọwọ́ lásán ló sì fi ń mú akọ màlúù ní ìwo. “Kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé,” ni ó wí, “wá fi ohun kan hàn mí tí ó gba ọkàn ọkùnrin kí o tó ṣe é. Bí kò bá sí, jẹ́ kí ọmọ mi máa lọ sí Awo.”

Ọmọbìnrin náà sìn mí dé ẹ̀yìn ògiri. Ó ní, “Màlúù ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ ní Awo o. Wá nǹkan ṣe.”

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ìgbà tí mo ń dààmú báyìí ni mọ́tò òyìnbó kan bàjẹ́ ní Ṣẹkọnà, tí wọ́n sì mú òyìnbó náà wá bá wa nítorí pé ó ń wá yàrá òkùnkùn tí ó lè gbé fọ fíìmù rẹ̀ kí ooru tó bà á jẹ́. Ọkùnrin tínínrín ni, imú rẹ̀ ti pupa, ó sì ní sùúrù. Àwọn ẹja ńlá inú agbami òkun ló ń yà ní fọ́tò, kì í sì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kú sórí iyanrìn. Ó ń wọ inú òkun lọ bá wọn ni. Ó ní àgbá atẹ́gùn tí ó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti máa fi mí, ó sì ní àpótí irin onídígí tí kámẹ́rà rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀ tí omi kò fi lè kàn án.

Èmi ni mo bá a fọ fíìmù náà. Nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú abọ́ oògùn, mo dáwọ́ dúró. Ẹja kan ni, ó gùn ju bẹ́ǹṣì ìjọ lọ, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán, imú rẹ̀ sì nà jáde bí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Mo sáré pe ọ̀gá mi. Ó gbé fọ́tò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó wo èkejì, ó wo gbogbo wọn tán.

Ó ní, “Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n olójú kan ni gbogbo wọn.” Ó fi àánú wo òyìnbó náà, ó sì rọra sọ fún mi pé, “Kò rí ọ̀gá rere kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni.”

Èmi náà káàánú òyìnbó náà. Nígbà tí ó wá sọ pé ẹni tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ti ṣàìsàn padà sí ìlú wọn, tí ó sì bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, mo ní ẹ̀bá Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, ó sì gbà mí sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ti tò lórí mi báyìí: n ó ya ẹja náà bí ó ti yẹ kí a ya ẹni iyì, pẹ̀lú ojú méjèèjì, n ó sì gbé e lọ fún bàbá alápatà. Tó bá rí i, kò ní lè sọ pé oòrùn ló tàn.

Ìyá mi nìkan ni kò rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹja Ẹdẹ kò tó ọ jẹ ni?”

“A kò ní jẹ ẹ́, Ìyá. Fọ́tò rẹ̀ la fẹ́ yà.”

“Ó ránṣẹ́ pè yín ni?”

Òyìnbó náà fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ mi nínú odò, níbi tí omi ti rọ̀. Mo wọ bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, mo de awò ńlá mọ́ ojú. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò kò lè fọṣọ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, “Ẹ wá wo àfẹ́sọ́nà ọmọ alápatà! Ó ti di ọ̀pọ̀lọ́ nítorí obìnrin!” Mo juwọ́ sí wọn. Inú mi ń dùn. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ibi tí kò mọ̀, ibẹ̀ ni ìgboyà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù lọ.

A dé Èkó, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ọmọ Ìlàjẹ kan ń wà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo jẹ ni mo dá padà fún òkun. Ní ọjọ́ kẹta, mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ilẹ̀ mọ́. Omi náà kì í ṣe aláwọ̀ ilẹ̀ bí Ọ̀ṣun. Ó dúdú, ó sì mọ́ bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, ojú kò sì lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà so ẹja kéékèèké mọ́ okùn, ó ń wọ́ wọn tẹ̀lé ọkọ̀ láti fi tan àwọn ẹja ńlá. Ó wò mí bí mo ti di irin ọkọ̀ mú, ó ní, “Ará òkè, omi yìí kò mọ bàbá rẹ o.”

Òyìnbó náà sì kì mí nílọ̀, ó tún un sọ kí ó lè dá a lójú pé Gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́fà mi gbé e. Ó ní kí n máa wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹja náà nígbà gbogbo. Ó gbé kámẹ́rà ẹni tó ṣàìsàn yẹn lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹ̀gbẹ́ ni kí n ti yà á. N kò gbọdọ̀ bọ́ síwájú rẹ̀ láé, bí ó bá sì kọjú sí mi, kí n fi í sílẹ̀ kí n máa gòkè bọ̀. Mo ní, “Yes, sà.” Nínú ọkàn mi, mo ní abájọ tí kò fi ní fọ́tò olójú méjì kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹja náà dé, awakọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ó kígbe, àwa méjèèjì sì rì sínú omi. Kò sí ariwo kankan nísàlẹ̀ àfi èémí mi tó ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo rí i. Ọmọ aráyé, mo rí i! Ó gùn tó ọkọ̀ tí a ti bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aṣọ ẹtù, inú rẹ̀ funfun bí fàdákà. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọba tó ń rìn kiri àgbàlá, imú ọ̀kọ̀ rẹ̀ ló sì ṣíwájú. Òyìnbó náà dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń yà á lójú kan bí ìṣe rẹ̀.

Èmi lọ sí iwájú. Ẹja náà yí ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo tún yí lọ sí iwájú. Ó tún yí ẹ̀gbẹ́ sí mi, bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí a rí ojú òun. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bí ó ti máa ń bí mi sí àwọn ọmọdé tí kì í jókòó jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. N kò mọ ohun tó ṣe mí, mo na ọwọ́ jáde, mo sì juwọ́ sí i bí mo ti ń juwọ́ sí àwọn oníbàárà: ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ẹ yí sí ibí, ẹ wo ọwọ́ mi.

Ẹja náà dúró. Ilà tó wà lára rẹ̀ tàn yòò bí ẹni pé wọ́n tan iná sí i nínú. Ó wá yí díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí mi tààrà. Ojú ọ̀tún wà níbẹ̀, ojú òsì wà níbẹ̀, wọ́n dọ́gba. Ayọ̀ kún inú mi. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ó ti jókòó dáadáa. Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo ń wo inú dígí rẹ̀, mo sì rí i pé ẹja náà ń tóbi. Kò mi ìrù tí mo lè rí, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń tóbi ni. Mo wá ọ̀kọ̀ imú rẹ̀, n kò rí i mọ́. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi ibi tí ọ̀kọ̀ náà dojú kọ.

Ìka mi tẹ kámẹ́rà. Bí ayọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, bí ìbẹ̀rù ni, n kò lè sọ títí di òní. Mo yí ara padà, ohun kan sì kọjá lábẹ́ abíyá mi òsì, láàárín apá àti ìhà, ara rẹ̀ sì họ mí ní ìhà bí ìgbà tí a fi awọ gbígbẹ ha igi. Omi gbá mi dànù. Mi ò rántí bí mo ti gòkè. Ohun tí mo rántí ni pé mo jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, awakọ̀ fà mí wọlé, mo sì gun ọkùnrin náà bí ìgbà tí a ń gun igi àgbọn, mo di orí rẹ̀ mú.

Ó ń pariwo pé, “Ará òkè, sọ̀kalẹ̀! Inú ọkọ̀ la wà!”

N kò sọ̀kalẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Òyìnbó náà jáde, ojú rẹ̀ ti funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dí ojú ọgbẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ló bi mí ohun tí mo ń wá níwájú ẹja náà. Mo ṣàlàyé fún un pé ojú kan kò dára lára ògiri, pé àwọn àna yóò máa sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì títí mo fi rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ni. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n tún wọ omi mọ́, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a padà dé Èkó, ó tẹ fọ́tò náà fún mi ní ńlá, ó sì wá ọkọ̀ tó ń lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa, ó ní kí wọ́n gbé mi délé.

Bí mo ti dé Ẹdẹ, mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Ó dìde lórí àga. “Fọ́tò rèé!” ni ó wí. “Ojú méjì géérégé!” Ìdùnnú tí mo rí nìyẹn, òun náà ló sì mọ. Ẹnikẹ́ni mìíràn tó wò ó, ohun kan náà ló ń béèrè: ọ̀kọ̀ tó o sọ dà? Nítorí ohun tó wà nínú fọ́tò náà kò ju ohun dúdú róbótó kan lọ, pẹ̀lú ojú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ àti àmì kékeré kan láàárín. Aládùúgbò wa ní òwìwí ni. Alárinà wa wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó ní, “Ọmọ mi, ìdí ìkòkò ni mo rí.” Ọ̀rọ̀ wá burú sí i ní ti pé Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ará Awo sì ti fa akọ màlúù kan wá so mọ́lẹ̀ níwájú ilé alápatà. Màlúù náà ni mo kọ́kọ́ kọjá lára rẹ̀ nígbà tí mo ń wọlé lọ. Mo gba ọ̀nà tó jìnnà sí i.

Bàbá náà ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó gba fọ́tò náà. Àwọn alápatà ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká.

Ọ̀kan ní, “Ẹja nìyí? Ẹja wo ló ní orí ológbò?”

Òmíràn ní, “Ẹ fún un ní ọmọ o jàre, ó ti ya ìdí agolo wá láti Èkó.”

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, “Báwo ni imú rẹ̀ ti gùn tó?”

“Ó ju apá mi lọ, sà.”

“Níbo ló wà níbí?”

Mo fi ìka mi kan àmì kékeré àárín náà. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, àwọn tó wà lọ́jà yóò gbọ́ ọ. Àfẹ́sọ́nà mi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tí ó fi ọwọ́ bojú.

Bàbá náà ní, “Ẹ panu mọ́. Nínú gbogbo yín, ta ló ti dúró síwájú akọ màlúù tí inú ń bí rí?” Ó na fọ́tò náà sí wọn. “Ìwo tó bá kọ ẹ̀gbẹ́ síni ló ń gùn lójú. Èyí tó bá ń bọ̀ wá sínú èèyàn, kì í ju orí ìṣó lọ.” Ó tún wo fọ́tò náà, ó rọra fi àtàǹpàkò rẹ̀ bo àmì náà, ó sì ṣí i. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó bi mí pé, “Kí lo wá ṣe?”

Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀ láti Èkó. Mo fẹ́ sọ pé mo dúró gbọin-gbọin, pé èmi gan-an ni ẹja náà sá fún. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ la ẹnu, mo tún rí i bí ó ti ń tóbi, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn níbẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Mo ní, “Mo sá, sà.”

“Báwo lo ṣe sá tó?”

“Mo sá débi pé mo gun èèyàn.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó sì tún dá wọn dúró. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi kan dúró síwájú akọ màlúù nígbà tiẹ̀. Ọkùnrin ni, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọkùnrin ni. Opó rẹ̀ ló ń ta ata ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi lọ́jà.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. “Àgbà tó rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a. Ọmọ Awo yẹn, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó sá rí. Ẹ lọ tú màlúù wọn, kí ẹ dá a padà fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.” Ó gbé fọ́tò náà lé orí itan rẹ̀. “Ìwọ, ṣé wàá ṣèlérí pé o kò ní í tún wọ inú òkun—”

Mo ti ṣèlérí kó tó sọ ọ́ tán.

Pásítọ̀ wa àti àlùfáà tiwọn ló jọ gbàdúrà fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ pé kí èkejì má gùn jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ìyẹn. Èmi náà ti di bàbá ọmọ, irun iwájú orí mi ti ń lọ, ìbẹ̀rù náà kò sì lọ. Mi ò jẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí mo bá ń kọjá lójú títì, mo máa ń wo ọ̀tún àti òsì títí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi yóò fi bínú. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ìyá wọn sì máa ń ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ẹ̀rù yẹn ni owó orí òun.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí ojú ọgbẹ́ náà bá ń yún mi ní àsìkò òtútù, ẹja náà ni mo máa ń rò. Mo yí ara padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò yára tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi ni òun náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá yẹ̀ ni, abẹ́ abíyá kọ́ ni ọ̀kọ̀ náà ìbá gbà kọjá. Mo ti máa ń bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Ohun tí mo wá gbà gbọ́ báyìí ni pé ó rí nǹkan kan níwájú rẹ̀ tí kò rí rí, tí ó ń juwọ́ sí i nínú ilé ara rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì la sá lọ́jọ́ náà, tí oníkálukú sì padà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀.